Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀sìn Búdà láti Yàrá Yín ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ọ̀kun o.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní Kàbà, ìyá kan tó ń ta aṣọ bi mí láti Ìsánlú, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì bi mí láti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹnu wọn yàtọ̀, ìbéèrè wọn kò yàtọ̀: "Mo ti ń gbọ́ nípa Búdà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Níbo ni èèyàn ti ń wọlé? Ta ló máa gbà mí? Àbí mo ní láti kó lọ sí Èkó ni?"

Èsì mi kò gùn. Yàrá yín ni ẹnu ọ̀nà wà. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ tó wá ẹgbẹ́ kankan lọ. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ ṣáájú, tí kò tí ì jókòó rí, kò ní òṣùwọ̀n tó máa fi wọn ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i ló máa tẹ̀ lé.

Mi ò ní pìtàn fún yín. Bí mo ṣe máa ń là á sílẹ̀ fún àwọn tó ń bi mí nìyí.

## Ẹ kọ́kọ́ tú àwọn nǹkan wọ̀nyí ká

Búdà kì í ṣe Ọlọ́run. Èèyàn ni. Siddhartha Gautama ni orúkọ rẹ̀, agbègbè tó wà láàárín Nepal àti Íńdíà òde òní ló gbé ayé rẹ̀. "Búdà" fúnra rẹ̀ oyè ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ti jí lójú oorun. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni pé kí oníkálukú mọ ohun tó ń fa ìnira ọkàn, kí ó sì tún ọkàn ara rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ agbára tuntun tó máa ju ti wòlíì lọ lẹ ń wá, ẹ ti ṣi ilẹ̀kùn kàn.

Ère onikùn ńlá tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pé ó ń mú oríire wá, kì í ṣe Siddhartha. Budai lorúkọ rẹ̀, àlùfáà ará Ṣáínà kan ni. Ẹ má fi owó yín rà á. Ẹ kò nílò ère kankan láti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rí i níwájú pé àìní ère nílé máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà "àṣàrò". Ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ wa pé àṣàrò ni kí èèyàn mú ẹsẹ Bíbélì kan, kí ó máa rò ó lọ rò ó bọ̀. Èyí tí mo ń sọ níhìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ẹ kò ní máa ro nǹkan kan. Èémí yín lẹ máa máa wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ fún mi pé "mo gbìyànjú rẹ̀, kò ṣiṣẹ́" ni ọ̀rọ̀ yìí tàn jẹ. Ó sì tún ní yẹ̀yẹ́ tirẹ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi àmì sí i, iṣu ni wọ́n máa gbé wá fún yín, tòun ti epo pupa àti edé.

Àwọn tó jọ ọ́. Hare Krishna kì í ṣe ẹ̀sìn Búdà, inú ẹ̀sìn Híńdù ló ti wá. Eckankar àti Grail Message náà kì í ṣe ẹ̀sìn Búdà. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ilé tí ẹ ń wọ̀ ni.

Ẹ̀ka pọ̀. Theravada ni wọ́n ń ṣe jù ní Sri Lanka, Thailand àti Myanmar. Mahayana pọ̀ ní Ṣáínà, Japan, Kòríà àti Vietnam. Inú rẹ̀ ni Zen àti Nichiren wà. Àwọn ará Tibet náà ní tiwọn. Bí Kátólíìkì àti ECWA ṣe yàtọ̀ síra ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ kò ní láti mú ọ̀kan lónìí.

## Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: jíjókòó

Ìdájí ló dára jù níhìn-ín, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, kí ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó kọjá, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó bú. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń lọ sóko ní kùtù, ẹ fi sí àṣálẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ẹ tó jẹun. Iyán àti jíjókòó jẹ́ẹ́ kì í bára wọn gbé.

1. Ẹ yan àkókò kan ṣoṣo, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 10 ti tó. Mo sọ 10. Mi ò sọ 40.
2. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín, ẹ ṣètò aago rẹ̀ sí ìṣẹ́jú 10, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tí ọwọ́ yín kò lè tó.
3. Ẹ jókòó. Àga dára: kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ má fẹ̀yìn tì. Bó bá jẹ́ ẹní, ẹ ká ìró tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ìdí títí ìdí yín á fi ga ju orúnkún lọ.
4. Ẹ na ẹ̀yìn yín, ẹ jẹ́ kí èjìká wálẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ lè pa ojú dé, ẹ sì lè là á díẹ̀ kí ẹ máa wo ilẹ̀.
5. Ẹ wá ibi tí èémí ti hàn sí yín jù, yálà ihò imú tàbí ikùn tó ń wú tó ń wálẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fà á gùn, ẹ má gé e kúrú.
6. Ẹ máa kà á. Bí èémí bá jáde, ení. Bó bá tún jáde, èjì. Bó bá di ẹ̀wá, ẹ padà sí ení.
7. Ọkàn yín máa lọ. Á lọ sórí gbèsè, á lọ sórí ọmọ tó wà ní Àbújá, á lọ sórí ohun tí àna yín sọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ó ti lọ, ẹ padà sí ení. Ẹ má bú ara yín.
8. Bí aago bá dún, ẹ má fò dìde. Ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fọwọ́ ra ẹsẹ̀, kí ẹ tó dìde.

Ìgbésẹ̀ keje yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìdíwọ́ fún iṣẹ́. Ẹni tó padà nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 10 ti ṣiṣẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí ẹnì kan ṣàlàyé èyí fún mi ni mo tó dẹ́kun pípe ara mi ní olórí líle.

### Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

*Ẹsẹ̀ kíká bíi ti àwòrán.* Èmi náà ṣe é. Mo rí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan nínú fóònù, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo máa dìde, ẹsẹ̀ òsì mi ti kú, mo di ògiri mú jáde, màmá mi sì bi mí ta ni mo lọ bá jà lóru. Àga kò sọ yín di ẹlẹ́sìn Búdà aláàbọ̀.

*Lílé ọkàn kó ṣófo.* Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

*Jíjókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.* Oorun ni yóò gbé yín lọ.

*Fífi kún un kíákíá.* Ìtara ọjọ́ kẹta máa ń sọ pé kí ẹ jókòó fún wákàtí kan. Ẹ má dá a lóhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn oṣù kan, 20.

*Sísọ gbogbo nǹkan di ìran.* Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nílẹ̀ tiwa. Bí èèyàn bá jókòó pẹ́ díẹ̀, ó lè rí àwọ̀, ara rẹ̀ lè fúyẹ́, ó lè dà bí ẹni pé orí rẹ̀ ń wú. A ti dàgbà láàárín àwọn tó ń ríran, nítorí náà ọwọ́ wa yá láti sọ pé ẹ̀mí kan ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fi rán yín níbẹ̀. Ẹ padà sí ení.

Ìkìlọ̀. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tàbí ẹ ń lo oògùn fún àìsàn ọpọlọ, tàbí ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ sí yín tó ṣì ń jí yín lójú oorun, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ má dá oògùn kankan dúró, ì báà jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àṣàrò. Bí jíjókòó bá ń fi kún ẹ̀rù yín dípò kó dín in kù, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ ṣe ti ìrìn tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí.

### Bí jíjókòó kò bá ṣeé ṣe

Ìrìn. Ẹ wá ibi tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15: ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé, àárín ebè méjì lóko. Ẹ rìn lọ, ẹ dúró, ẹ yí padà, ẹ rìn bọ̀. Ẹ fi ọkàn sí gbígbé ẹsẹ̀ àti sísọ ọ́ kalẹ̀. Ó dára fún ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu, ó sì dára fún ilé tí èrò pọ̀ sí, torí kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ń rìn pé kí ló ń ṣe.

Inú rere. *Mettā* ni wọ́n ń pè é ní èdè Pálì, èdè Íńdíà àtijọ́ tí ìwé àwọn Theravada wà nínú rẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ nínú, jẹ́jẹ́: "Kí ara mi le. Kí ọkàn mi balẹ̀. Kí ewu fò mí. Kí ayé rọ̀ mí lọ́rùn." Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹni tí ẹ fẹ́ràn sípò ara yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn tí ẹ kò sì kórìíra, bí obìnrin tí ẹ ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí ẹ tó wá kan ẹni tí inú ń bí yín sí, kí ẹ sì parí rẹ̀ sórí gbogbo ẹ̀dá. Ó jọ ìwúre, àbí? Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ọkàn yín lẹ ń rọ̀, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ irin. Àmọ̀ràn kan: ẹ má fi ìbátan tí ẹ jọ ń du ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹni tó ré yín kọjá lórí ìlà ní báǹkì bẹ̀rẹ̀ ná.

## Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìlànà márùn-ún

Ẹni tó ń jókòó láràárọ̀ tó sì ń rẹ́ni jẹ lọ́sàn-án ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Ìlànà márùn-ún wà fún ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gbé láàárín ayé, ẹ ó sì fúnra yín gbà láti máa tẹ̀ lé wọn:

- kí ẹ má pa ẹ̀dá alààyè;
- kí ẹ má mú ohun tí wọn kò fún yín;
- kí ẹ má ṣe ìṣekúṣe;
- kí ẹ má purọ́;
- kí ẹ má mu ọtí àti ohun mìíràn tó ń pa iyè dà.

Kò sí ajẹ́rìí, kò sí ìyà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde, ẹ tún un gbà. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni.

Ibi mẹ́ta ló ti máa ń di wàhálà nílé.

Ẹran. "Ṣé mi ò ní jẹ ẹran mọ́?" Ìdáhùn tọ̀tún tòsì ni. Àwọn àlùfáà Mahayana ti Ṣáínà kì í jẹ ẹran. Àwọn ti Theravada lè jẹ ẹ́ bí wọn kò bá rí i, tí wọn kò gbọ́, tí wọn kò sì fura pé tìtorí wọn ni wọ́n fi pa á. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó wà nílé má jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ni pé kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín pa adìyẹ, kí ẹ sì má ní kí wọ́n pa á nítorí yín. Nígbà ọdún, bí wọ́n bá gbé ọ̀bẹ lé yín lọ́wọ́, ẹ gba igi ìdáná tàbí odó. Kò sí ilé kan ní ìwọ̀ oòrùn Kogi tó máa kọ ẹni tó fẹ́ gún iyán.

Ẹmu àti ọtí bàbà. Kíkọ̀ ọ́ kò le. Ohun tó le ni àlàyé. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ gba ife, ẹ kí ẹni tó bù ú, ẹ gbé e fún ẹni tó jókòó tì yín. Àwọn onítẹ̀bọmi kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa láti ayébáyé, kò sì sẹ́ni tó lé wọn jáde nínú ìdílé.

Òwò. Búdà dárúkọ òwò márùn-ún tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe: títa ohun ìjà, títa ẹ̀dá alààyè, títa ẹran, títa ọtí, títa májèlé. Ẹnì kan tó ń ta bíà ní Kàbà bi mí bóyá kí òun ti ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Mo ní rárá. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ máa wá ọjà mìíràn fi rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má fi ìtara ọ̀sẹ̀ mẹ́ta da ilé rú.

## Màmá, pásítọ̀ àti ọjọ́ Àìkú

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi ṣe ìkẹyìn rèé, tí ohùn wọn á sì wálẹ̀ bí wọ́n bá dé ibẹ̀.

Ẹ má kéde. Kò sí ohun tó ń kán yín lójú. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ìwà sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu. Màmá tó bá rí i pé ọmọ òun kò tètè ń bínú mọ́ máa bi í léèrè fúnra rẹ̀, ìbéèrè tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ wá rọrùn láti dáhùn ju ìkéde lọ.

Bí wọ́n bá bi yín, ẹ lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀: "Mò ń jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo sì ti fi ọtí sílẹ̀." Òótọ́ ni, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi "nirvana" àti "karma" kò ní ràn yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Bí wọ́n bá ní òrìṣà lẹ lọ ń bọ, ibi tí àìní ère ti wúlò nìyẹn. Kò sí ohun tí wọ́n máa tọ́ka sí.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Búdà kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sigala, ó sì ka ojúṣe márùn-ún tí ọmọ ní sí òbí fún un: kí ó bọ́ wọn bí wọ́n ṣe bọ́ ọ, kí ó ṣe iṣẹ́ wọn fún wọn, kí ó má jẹ́ kí ìdílé parun, kí ó jẹ́ ẹni tó yẹ láti jogún wọn, kí ó sì ṣe sàráà nítorí wọn lẹ́yìn ikú. Ẹ ka èyí fún àgbàlagbà kan ní Ìyàrà tàbí Mọ̀pà láìsọ ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ wo bó ṣe máa mi orí. Nítorí náà, ẹ san owó ìdílé. Ẹ lọ síbi òkú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ lọ sí ọdún Ọ̀ká ní Kàbà àti ọdún iṣu ní Ògìdì.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Bí ẹ bá ṣì ń gbé lábẹ́ òrùlé òbí, tí wọ́n sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ yín, èrò tèmi ni pé kí ẹ máa bá wọn lọ. Jíjókòó wákàtí méjì láàárín orin kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ sì lè máa wo èémí yín níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ ara rẹ̀ lè yàn bó ṣe fẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n ní àgàbàgebè ni. Mo ti gbọ́.

Òfin kò sì lòdì sí yín. Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀sìn tó fẹ́ àti láti yí i padà. Ẹ má fi ju màmá yín lójú ṣá o.

## Wíwá ẹgbẹ́

Oṣù kan ti pé. Ẹ ti mọ bí ọkàn yín ṣe ń rìn. Ó wá kù kí ẹ wá àwọn tí ẹ jọ máa rìn, nítorí *Sangha*, ìyẹn àwùjọ, wà lára ohun mẹ́ta tí ẹlẹ́sìn Búdà ń sá di. Méjì tó kù ni Búdà fúnra rẹ̀ àti *Dhamma*, ìyẹn ẹ̀kọ́ rẹ̀.

1. Ẹ pinnu irú èyí tí ẹ fẹ́. Ṣé ti jíjókòó jẹ́ẹ́ ni, àbí ti pípe ọ̀rọ̀ mímọ́ lóhùn sókè léraléra? Soka Gakkai International, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ti Japan wá, wà ní Nàìjíríà. Ọ̀nà Nichiren, àlùfáà ará Japan tó gbé ayé láti 1222 sí 1282, ni wọ́n ń tẹ̀ lé, *Nam-myoho-renge-kyo* sì ni wọ́n ń pè lóhùn sókè níwájú ìwé àkájọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní Gohonzon. Wọ́n máa ń pàdé nílé ara wọn láti jíròrò. Ẹni tó ń wá jíjókòó jẹ́ẹ́ máa rò pé òun ṣìnà bó bá débẹ̀. Ẹni tí orin àti ohùn ń ṣí nínú lè rò pé òun ti délé.
2. Ẹ kọ̀wé kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ wá ojú ewé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà nítòsí Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá. Àbújá sún mọ́ wa ju Èkó lọ. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ má rin ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja lóru, kí ẹnì kan nílé sì mọ ibi tí ẹ ń lọ àti ẹni tí ẹ fẹ́ rí.
3. Ẹ dán ti orí fóònù wò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń jókòó pọ̀ lórí Zoom. Ẹ ṣọ́ra fún aago. Aago tiwa kì í yí padà, ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń yí. Agogo méje alẹ́ ní London jẹ́ agogo méje níhìn-ín nígbà ooru wọn, agogo mẹ́jọ nígbà òtútù wọn. Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ pa fídíò. Ohùn nìkan kì í jẹ dátà púpọ̀.
4. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ wọlé. Ìgbà kan ṣoṣo kò tó láti mọ èèyàn.
5. Ẹ wo àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ṣé wọ́n ń sọ òótọ́ fún ara wọn? Ṣé obìnrin ń sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnì kan lè bi olùkọ́ ní ìbéèrè kí ojú rẹ̀ má yí padà?

Ẹ lè gbọ́ nípa Vipassana ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, irú àṣàrò kan tí olùkọ́ tó ń jẹ́ S. N. Goenka tàn kálẹ̀. Wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, oúnjẹ tàbí ibùsùn. Ọrẹ àwọn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Agogo mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí, wọn kì í sọ̀rọ̀ síra wọn, jíjókòó sì ń tó wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá ń fò wọ̀. Ẹ lo oṣù mẹ́fà nílé ná.

### Ẹ sá bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí

- Wọ́n ní kí ẹ san owó kí ẹ tó lè gbọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.
- Wọ́n ṣèlérí físà, iṣẹ́ ní Japan tàbí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Thailand.
- Wọ́n ní kí ẹ má bá òbí tàbí ọkọ tàbí aya yín sọ̀rọ̀ mọ́.
- Olùkọ́ ń pe obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan sí yàrá ní alẹ́.
- Wọ́n ní kí ẹ da oògùn dọ́kítà nù.
- Wọ́n ní àṣírí kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ béèrè nípa rẹ̀.

Ẹnì kan ti gba owó lọ́wọ́ mi rí, ó ní òun fẹ́ bá mi ra ìlẹ̀kẹ̀ tí àlùfáà kan ti súre sí. Mi ò rí ìlẹ̀kẹ̀, mi ò rí òun náà. Búdà fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ará Kalama, ìran kan ní Íńdíà àtijọ́, pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ kìkì nítorí pé olùkọ́ àwọn ló sọ ọ́. Kí wọ́n wò ó bóyá ó ń mú ire wá bí a bá ṣe é. Mo ti ka ẹ̀kọ́ yẹn kí n tó fi owó ránṣẹ́, ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀.

## Bí ẹ kò bá rí ẹnì kankan

Ẹ dá a sílẹ̀. Èèyàn méjì ti tó. Ẹ wá ẹnì kan tó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, kí ẹ máa pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún wákàtí kan:

1. Jíjókòó, ìṣẹ́jú 20.
2. Kíkà, ìṣẹ́jú 10. Dhammapada, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Búdà, dára: ẹsẹ 423 ló wà níbẹ̀, wọ́n kúrú bí òwe, ọ̀fẹ́ sì ni lórí SuttaCentral, ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kejì gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ ó rí i pé ìgbà tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un ni ó máa ń yé yín.
3. Ìjíròrò, ìṣẹ́jú 20. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má wàásù.
4. Jíjókòó, ìṣẹ́jú 10.

Kò sí ọ̀gá, kò sí owó oṣù, kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Ti aṣọ ẹgbẹ́ yẹn, mo mọ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́.

## Àwọn ìbéèrè kéékèèké

Ṣé wọ́n ń ṣe ìrìbọmi? Rárá. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ẹni tó fẹ́ wọlé á sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun sá di Búdà, Dhamma àti Sangha. *Buddhaṃ saraṇaṃ gacchāmi* ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Pálì. Ẹ lè sọ ọ́ nílé, ẹ sì lè dúró de àlùfáà.

Ṣé màá fá irun, ṣé màá yí orúkọ padà? Àwọn àlùfáà ló ń fá irun. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín dára.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn ará Éṣíà ni? Ibẹ̀ ló ti wá, bí Bíbélì àti Kùránì náà ṣe ti òkè òkun wá bá wa. Bhante Buddharakkhita, ọmọ Uganda, ti di àlùfáà Theravada, ó sì dá ilé ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀ ní Uganda ní 2005.

Ọjọ́ wo ni ọdún? Vesak, ọjọ́ ìrántí ìbí Búdà, ló tóbi jù, ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú, nínú oṣù Karùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jókòó pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì bọ́ ẹnì kan.

Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá dé àárín ẹgbẹ́? Ẹ tètè dé. Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ béèrè àga bí orúnkún bá ń dùn yín. Bí wọ́n bá tẹrí ba fún ère tí kò sì wù yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ń kọrin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́. Ẹ má fi orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé kankan lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ta ló rán yín wá, ẹ ní ẹ kàn wá wò ni.